Ìwé Tí Mo Kọ fún Bàbá Ẹlẹ́ńjìnnì

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ júbà Gírámà Gígùn kí n tó sọ tẹnu mi. Gírámà Gígùn, ọba tí kì í jókòó lórí àpótí kékeré! Gírámà tó ń wọ agbádá lé agbádá nínú oòrùn ọ̀sán, tí orí rẹ̀ á ti wọ pálọ̀ tán tí ìdí rẹ̀ á ṣì wà lójúde! A kì í gbọ́ ohun tó ń wí, a kàn ń dọ̀bálẹ̀ fún un ni. Níbí ní Ìwó, bí ọmọ tó ka ìwé mẹ́fà bá kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀ lóko, bàbá á gbé e lọ bá tíṣà. Bí tíṣà bá kà á tán, tó mi orí, tó ní, "Háà, ọmọ yìí ti jìnnà o," ọmọ náà ti di ènìyàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí tíṣà bá lè túmọ̀ lẹ́tà náà láti òkè délẹ̀ láì họ orí lẹ́ẹ̀kan, ojú á ti bàbá. Kí wá ni ọmọ ń kọ́ láti ọjọ́ yìí? Mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ tí wọ́n ka lẹ́tà tí ọmọ ìjọ kan fi wá iṣẹ́, níbi ìsìn ìdúpẹ́. Àwọn ìyá ìjọ ń ju ìnujú sókè, kò sì sí ẹnì kan nínú ilé Ọlọ́run tó lè sọ bóyá ọmọ náà ń tọrọ iṣẹ́ ni tàbí ó ń kọ̀ ọ́. Gírámà Gígùn, kí adé pẹ́ lórí.

Ó tó. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, àgbà àti ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá agbára mi, ẹ bá mi dá sí i. Ọ́fíìsì wa fẹ́ lé bàbá àgbàlagbà kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́. Wọ́n ní òun ló bà á jẹ́. Òun kọ́. Èmi ni... kálàmù ni mo fi bà á jẹ́, mi ò fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo lára rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì òní ni wọ́n máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Olóòtú, ẹ má wulẹ̀ wá orúkọ mi nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí, mi ò kọ ọ́ síbẹ̀.

Ẹnjiníà ni mí. Yunifásítì ni mo ti kọ́ ọ. Wọ́n kọ́ wa ní ìṣirò tó le, wọ́n kọ́ wa bí irin ṣe ń tẹ̀ àti bí omi ṣe ń rìn nínú páìpù, gbogbo ìyẹn ni mo mọ̀ dáadáa, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n kíláàsì kan wà tí a máa ń ṣe láago méjì ọ̀sán, lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tí oorun ń fa ojú wálẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ wa bí ẹnjiníà ṣe ń kọ̀wé: bí a ṣe ń kọ rìpọ́ọ̀tù, bí a ṣe ń kọ ìlànà sílẹ̀ fún ẹni tó máa lo ẹ̀rọ, bí a ṣe ń kọ lẹ́tà sí òṣìṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ á fi mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe. Ọ̀gbẹ́ni tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, oníṣòkòtò péńpé kákí, ló ń kọ́ wa. Ohun méjì péré ló máa ń bèèrè lórí ohunkóhun tí a bá kọ. Ta ni yóò kà á? Kí ni onítọ̀hún yóò ṣe nígbà tó bá kà á tán? Ó bèèrè é títí tí a fi sọ ọ́ lórúkọ, Ta-ni-yóò-kà-á. Bó bá ń bọ̀ lókèèrè a ó máa pè é, òun náà á sì máa rẹ́rìn-ín.

A ò ka kíláàsì náà sí. Ṣé àwa tí a ti kọ Gẹ̀ẹ́sì yege láti ilé ìwé gírámà la tún wá ń kọ́ lẹ́tà kíkọ? Èmi gan-an lọ̀gá wọn nínú àìkàsí. Lọ́jọ́ kan ó ní kí olúkúlùkù wa kọ bí wọ́n ṣe ń tan àtùpà gáàsì, èyí tí wọ́n ń fún ní afẹ́fẹ́. Mo kọ ojú ewé kan àbọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ ènìyàn ti mọ iná. Ó gba ìwé wa, ó pe kùkù ilé ìwé wọlé, Àlàbí, ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò ju ìwé méjì lọ, ó gbé àtùpà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní kó máa ṣe ohun tí ìwé kọ̀ọ̀kan bá sọ, kó má fi tirẹ̀ kún un. Nígbà tó kan tèmi, Àlàbí fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ títí, òógùn bò ó, ó wá dé ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa pọ́ǹpù. Ó fà á, ó fà á, ó fà á... àtùpà ń súfèé, Àlàbí ò dẹwọ́, a ti ń sún sẹ́yìn. Ó di pé kẹrosín-ìn tú jáde fìì, ó sì wẹ ṣòkòtò tíṣà. Tíṣà ní, "Àlàbí, kí ló dé?" Àlàbí ní, "Ọ̀gá, ìwé yìí ò ní kí n dúró."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. Tíṣà nìkan ni kò rín. Ó nu itan rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ó dáa tó jẹ́ àtùpà ni." Ó wá sọ fún gbogbo wa pé ẹ rò pé òòlù àti sípánà lẹ máa máa gbé kiri? Ọjọ́ kan lẹ máa fi gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, ọjọ́ márùn-ún lẹ máa fi kọ̀wé nípa rẹ̀. Ẹ̀yin máa lọ, ẹlòmíì ni yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ náà, ìwé yín nìkan ló máa dúró tì í láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó ní kí n máa wá lọ́jọ́ Sátidé kó máa kọ́ mi lọ́tọ̀. Mo lọ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà mi ò lọ mọ́. Kò sẹ́ni tí wọ́n ń fún ní ìwé ẹ̀rí tàbí tí wọ́n ń dù ní ìwé ẹ̀rí nítorí àtùpà gáàsì.

Bí mo ṣe parí, ọ́fíìsì kan tó ń rí sí omi ẹ̀rọ gbà mí, wọ́n dá mi padà sí Ìwó níbí, ìlú mi. Inú bàbá mi dùn. Díákónì ni bàbá mi ní ìjọ wa, tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n, wọn kì í tilẹ̀ pe orúkọ mi, ọmọ Díákónì ni wọ́n ń pè mí. Ọ́fíìsì wa gbé ẹ́ńjìnnì kan wá sí etí odò lọ́nà Olúpọ̀nnà, tí yóò máa fa omi wá sí ẹnu ẹ̀rọ mẹ́ta láàárín ìlú. Ẹ wo bí àwọn obìnrin ṣe ń yọ̀! Ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sódò láti àfẹ̀mọ́júmọ́, tó ń ru omi gun òkè, ó wá kàn ń na korobá sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ.

Ẹni tí wọ́n gbà láti máa tọ́jú ẹ́ńjìnnì náà ni Bàbá Bùráímọ̀, tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Ẹlẹ́ńjìnnì. Ogún ọdún ló fi tọ́jú ẹ́ńjìnnì níbi tí wọ́n ti ń la pákó. Á gbé etí lé ẹ́ńjìnnì lára, á ní inú ń run ún, ẹ ó tú u, ẹ ó sì rí i pé inú ń run ún lóòótọ́. Kò mọ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé kéú ló lọ, ó sì mọ háràfù kéú ti Lárúbáwá kọ bí ìgbà tí ènìyàn ń mu omi.

Ọ̀gá mi àgbà ní kí n kọ ìlànà sílẹ̀ fún Bàbá. Ẹ̀yin ará, ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ọjọ́ yẹn. Ojú ewé mẹ́ta ni mo kọ, Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé. Mo ní kí akọ̀wé ọ́fíìsì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, kó fi pupa tẹ àkọlé rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló wà lára ẹ́ńjìnnì tuntun yìí tí Bàbá kò tíì bá pàdé rí lára ti àtijọ́, asẹ́ kékeré kan tí ọ́ìlì ń gbà kọjá. Bí wọ́n bá fi sílẹ̀, ìdọ̀tí á dí i, ọ́ìlì ò ní rọ́nà wọlé, irin á máa ha irin. Ohun tí ó yẹ kí n sọ ò ju èyí lọ: ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kí ẹ tó lọ kírun, ẹ tú asẹ́ ọ́ìlì, ẹ fi kẹrosín-ìn fọ̀ ọ́, ẹ dá a padà. Ó tán. Àlàbí kùkù á ṣe é. Ṣùgbọ́n ṣé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹ yunifásítì? Mo fi asẹ́ náà sí ojú ewé kejì, láàárín gbólóhùn kan tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mí lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dé òpin rẹ̀. Inú mi dùn sí gbólóhùn yẹn. Mo kà á fún ìyá mi létí, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ó sunkún ayọ̀.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò fẹnu sọ ọ́ fún un? Mo bi ara mi náà. Mo rò pé mo ti kọ ọ́, ó tán. Kí ẹnjiníà tún máa dúró létí odò máa ṣàlàyé bí ìyàwó tuntun? Wọ́n á rí i fín.

Ẹ gbọ́ ohun tí Bàbá fi ìwé náà ṣe. Ó gbé e lọ bá tíṣà kan ládùúgbò wọn. Tíṣà kà á, ó ṣí ojú ewé, ó tún padà sẹ́yìn, ó wá ní, "Bàbá, ìwé yìí jinlẹ̀." Gbogbo ìtumọ̀ tí Bàbá gbé relé nìyẹn. Ó wá wò ó pé ọ́ìlì kì í tán lọ́wọ́ òun, òun ò lè máa fi ọwọ́ dúdú kan irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó gbé e fún káfíńtà, káfíńtà fi férémù sí i, wọ́n fi gíláàsì bò ó lójú, ojú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò síra wọn bí ìyàwó mẹ́ta nílé kan, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Mẹ́kà. Àlejò tó bá wọlé, ó di dandan kó wò ó. Á ní ọmọ Díákónì ló kọ ọ́ fún òun o, fún òun Bùráímọ̀! Mo lọ kí i níjọ́ Iléyá, mo jókòó sábẹ́ férémù yẹn, mo jẹ ẹran rẹ̀, orí mi ń wú. Ṣé mo bi í bóyá ó gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀? Mi ò bi í. Ṣé ẹni tó gbé ìwé ìlànà kọ́ ara ògiri tí gíláàsì bò ó lè máa tẹ̀ lé e létí odò? Ọmọ kékeré á mọ̀ ọ́n. Ẹran ló dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Asẹ́ náà wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fọ̀ ọ́ láti ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì ti dé. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, Bàbá wá bá mi ní ọ́fíìsì. Mo ní àlejò, àwọn àgbà òṣìṣẹ́ láti ìlú míì, mo sì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fún wọn gan-an ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí fìlà, ó ní, "Ọmọ Díákónì, ẹ́ńjìnnì yẹn ń wúkọ́. Ara rẹ̀ ń gbóná jù. Wá bá mi wò ó." Ojú tì mí níwájú àlejò. Wíwúkọ́? Ṣé ewúrẹ́ ni? Mo ní, "Bàbá, ẹ kọ ọ́ wá. Ọ́fíìsì kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣiṣẹ́." Ó ní, "Ẹ̀rọ ló ń wúkọ́, èmi ni kí n kọ̀wé?" Àlejò rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rín. Ó tún wá lẹ́ẹ̀kejì. Ó tún wá lẹ́ẹ̀kẹta. Ohun kan náà ni mo wí.

Ó wá lọ bá akọ̀wé tó máa ń jókòó lẹ́bàá kóòtù, tó ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá àwọn ènìyàn kọ lẹ́tà. Ó ní kó bá òun kọ ọ́ pé ẹ́ńjìnnì ń wúkọ́, ó ń gbóná, kí ẹnjiníà wá. Akọ̀wé ní, "Ẹ ò gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ẹni tó lọ sí yunifásítì lẹ fẹ́ kọ̀wé sí, ẹ ní ó ń wúkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n rò pé ẹ ò rí ẹni bá yín kọ ọ́ ni?" Ó wá kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ojú ewé méjì gbáko. Ó kí mi, ó kí ilé mi, ó kí ọmọ tí mi ò tíì bí. Ó yìn mí pé mo la òkun kọjá lọ kàwé, èmi tí mi ò tíì wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Ó gbàdúrà kí n di mínísítà. Ẹ́ńjìnnì ń bẹ níbẹ̀ o, kò yọ ọ́ sílẹ̀, ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, lókè ibi tí Bàbá tẹ ìka sí, ó ní ìhùwàsí ẹ̀rọ náà ní ti mímí kò fi ọkàn ẹni balẹ̀ tó bó ti yẹ.

Mi ò dé ibẹ̀. Mo ka ojú ewé àkọ́kọ́, mo rò pé ìkíni ni. Mo kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé mo ti rí i, mo kọ déètì sí i. Kí n tó fi í sínú fáìlì, mo gbé e lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo kà á fún wọn bí ẹni ń ṣe eré orí ìtàgé. A di ikùn mú. Mo ní ẹ ò rí àwọn akọ̀wé ẹ̀bá kóòtù yìí, bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀!

Ọjọ́ kẹsàn-án sí i, ẹ́ńjìnnì gan. Òwúrọ̀ ni, àwọn obìnrin tò sídìí ẹnu ẹ̀rọ, omi dúró nígbà tí korobá ẹni iwájú ṣì wà ní ìdajì. Létí odò lọ́hùn-ún, bẹ́líìtì já, ó na Bàbá lápá ọ̀tún. Apá náà kán lọ́nà méjì. Oníṣègùn eegun kan láti Ilé-Ogbó ló ń wá dì í fún un títí di òní. Àwọn obìnrin sì ti padà sódò, wọ́n ń ru omi gun òkè, bí wọ́n bá rí mi wọ́n á ní, "Ẹnjiníà wa, ẹ kúuṣẹ́ o."

Mo tú ẹ́ńjìnnì náà fúnra mi. Mo yọ asẹ́. Ó dí bámú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò ọṣẹ. Ìgbà yẹn ni mo tó lọ wá fáìlì, mo ka lẹ́tà akọ̀wé ẹ̀bá kóòtù dé ìsàlẹ̀, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọ́fíìsì.

Ọ̀gá mi àgbà ní kí n kọ rìpọ́ọ̀tù. Ó ti mọ ohun tó fẹ́ kó wà níbẹ̀. Ó ní ìlànà wà, òun ti rí i, ó ní òun ò tíì rí èyí tí wọ́n kọ dáadáa bẹ́ẹ̀ rí. (Mo mọ̀ pé kò kà á kọjá ojú ewé kìíní.) Ó ní bí ìlànà bá wà tí òṣìṣẹ́ ò tẹ̀ lé e, ẹ̀bi ta ni? Ó ní àárín oṣù yìí ni wọ́n máa fi mí múlẹ̀ sípò mi, kí n má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí da nǹkan rú. Bí wọ́n bá lé Bàbá, ó lọ nìyẹn, iṣẹ́ ti bọ́, apá ti kán, orúkọ tó fi ogún ọdún ní lẹ́nu iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́ kárí Ìwó.

Mo lọ kí Bàbá nílé. Ìyá Sàfú, ìyàwó rẹ̀, kí mi, kò kúnlẹ̀ dáadáa bí ti àtẹ̀yìnwá, mo sì mọ̀ ọ́n lára. Ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ ìwé." Sàfú ọmọ wọn obìnrin wá gbé ìwé pélébé kan jáde, tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú. Bàbá ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣe lójúmọ́ síbẹ̀, Yorùbá ni, háràfù kéú ló fi kọ ọ́. Sàfú ń kà á fún mi. "Àlàmísì. Mo da ọ́ìlì lẹ́yìn àsùbáà. Jímọ̀. Mo da ọ́ìlì. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àtàláátà. Ó ń gbóná. Mo pa á kó sinmi. Mo lọ sọ fún ọmọ Díákónì. Ó ní kí n kọ ọ́. Àlàrùbá. Ó ń gbóná sí i. Mo tún lọ. Ó ní kí n kọ ọ́." Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó dín níbẹ̀, kò sí ọ̀kan tó lé. Ta ni yóò kà á? Ẹnikẹ́ni. Kí ni yóò ṣe nígbà tó bá kà á tán? Yóò dìde, yóò lọ wo ẹ́ńjìnnì. Èmi tí mo lọ sí yunifásítì, mi ò tíì kọ rìpọ́ọ̀tù tó dára tó bẹ́ẹ̀ láyé mi. Mo ní kí wọ́n fún mi kí n gbé e lọ fún àwọn tó máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Sàfú fún mi.

Bàbá ló ní rárá. Ó fi apá òsì júwe férémù lára ògiri, ó ní, "Má gbé ìwé tí Sàfú fún ọ yẹn lọ, yóò tàbùkù mi. Èyí tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́, ṣé ìyẹn náà níwèé? Bá mi kọ irú ìyẹn sí wọn. Jẹ́ kó gùn. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á mọ̀ pé mo lẹ́ni lẹ́yìn."

Mo bi ìyá mi. Ó ní kí n jẹ́wọ́, òótọ́ ni Olúwa fẹ́, ṣùgbọ́n kí n jẹ́ kí wọ́n fi mí múlẹ̀ ná. Mo bi ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ akọ̀wé lọ́yà, ó ní kí n má sọ ẹni tó ṣe nǹkan, kí n kàn sọ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ńlá ńlá ṣe ń kọ ọ́. Mo rántí pé tíṣà wa ní yunifásítì kò gbà bẹ́ẹ̀ láyé, bí o bá kọ ọ́ pé wọn ò fọ asẹ́, yóò fi pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, yóò bèèrè pé àwọn wo? Wọn ò lórúkọ ni? Mo gbé ìwé kalẹ̀ láti kọ orúkọ ara mi... Ẹ̀yin ará, mo jókòó láti òwúrọ̀ títí wọ́n fi kírun àsárì. Ṣé ó ti ṣe yín rí, kí ẹ mọ ọ̀rọ̀ kan, kó jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré, kó má gba ju ìlà méjì lọ, kí ọwọ́ yín má lè kọ ọ́?

Ohun tí mo wá kọ, ojú ewé mẹ́rin ni. Ó dùn. "Wọ́n ṣàkíyèsí," "wọ́n rí i," "ó hàn gbangba," gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á dópin yóò rí i pé ẹ̀bi Bàbá ni, pé ìlànà tó péye wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tẹ̀ lé. Asẹ́ tí mo fi pamọ́ sí ojú ewé kejì kò sí níbẹ̀, kò sí ẹni tó wá sí ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí lẹ́tà nínú fáìlì.

Kí n tó fi ránṣẹ́, Ìyá Sàfú wá sílé wa, ó ní Bàbá fẹ́ gbọ́ ohun tí mo kọ fún òun. Mo lọ. Mo jókòó sórí àga, mo sì kà á fún un, ní Gẹ̀ẹ́sì, láti òkè délẹ̀. Ó di ojú, ó ń mi orí bí ẹni ń gbọ́ wàásí. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti gùn jù, tí mo ti sọ pé òun ló pa ẹ́ńjìnnì, ó ní, "Al-hamdu lilláhi." Nígbà tí mo parí, ó ní kí wọ́n bu omi fún mi, omi odò tí Sàfú rù wá. Ó fi ọwọ́ òsì gbá mi léjìká. Ó ní, "Ọmọ Díákónì, Ọlọ́run á gbé ọ ga. Èyí tilẹ̀ dùn ju ti ara ògiri lọ." Sàfú wò mí, mi ò lè wo Sàfú.

Ọjọ́ Ajé ni mo fi rìpọ́ọ̀tù náà ránṣẹ́. Ìwé Bàbá tí Sàfú fún mi ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, n kò gbé e lọ ibì kankan. Bàbá ń ṣàdúrà fún mi lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan, ìyàwó rẹ̀ ló wá sọ fún mi, ó tún kúnlẹ̀ dáadáa báyìí. Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n kọ òmíràn, ìlà méjì, kí n gbé e lọ pẹ̀lú ìwé Bàbá kó tó di Ọjọ́bọ̀? Bí mo bá kọ ọ́, ta ni yóò gbà pé ọwọ́ kan náà ló kọ méjèèjì? Ṣé Bàbá ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, àbí àwọn ọ̀gá? Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ọkùnrin yẹn kí n sọ fún un ní Yorùbá ohun tí mo kà sí i létí ní Gẹ̀ẹ́sì? Ẹ sọ fún mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ kúkúrú sọ fún mi.

Kì í ṣe akọ̀wé ẹ̀bá kóòtù ló kọ rìpọ́ọ̀tù ojú ewé mẹ́rin yẹn. Èmi ni. Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.